NITP lójú ìdílé: àgbéyẹ̀wò ìwé àṣẹ ìrìnàjò ìgbà kòrónà

Ojú ewé kan péré ni èsì àyẹ̀wò PCR, ìyẹn àyẹ̀wò kòrónà tí wọ́n ń ṣe ní láàbù, ṣùgbọ́n aago méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n ki òwú bọ imú èèyàn. Èkejì ni ìgbà tí láàbù tẹ èsì jáde. Láti 2020 dé 2022, aago àkọ́kọ́ yẹn ló ń sọ bóyá bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ máa wọ ọkọ̀ òfurufú Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí wọ́n máa fa báàgì wọn padà sílé. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé aago kejì ni láàbù mìíràn ń tẹ̀ gàdàgbà sókè ìwé, tí àkọ́kọ́ á wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í tètè dé, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ọ́ rárá.

Iṣẹ́ tí a ń gbé yẹ̀wò ni ojú òpó Nigeria International Travel Portal, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NITP, tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ Nàìjíríà lásìkò àrùn kòrónà. A ó máa fi wé fọ́ọ̀mù ti ìlú ọba àti ìwé ti Amẹ́ríkà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kàn wọ́n, torí ìdílé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní Ìbàdàn, tí èkejì wà ní London tàbí Houston, kò ní èyí tó lè yẹ̀ sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti dáwọ́ NITP dúró báyìí. Ṣùgbọ́n bí àrùn mìíràn bá gbòde, irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba máa tún gbé dìde, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a mọ ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó ń dá rìn rí i lò dáadáa. Ìdílé ló fojú winá, torí pé orí kọ̀ọ̀kan ni òfin náà ń kà, kì í ka ilé. Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún la fún un.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2020 ni Nàìjíríà ti pápákọ̀ òfurufú Èkó àti Àbújá mọ́ ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, NITP ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ètò rẹ̀ kò lọ́jú lórí ìwé. Ẹ ó kọ orúkọ, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ọkọ̀ òfurufú àti àdírẹ́sì ibi tí ẹ máa gbé ní Nàìjíríà. Ẹ ó dáhùn ìbéèrè nípa ìlera yín. Ẹ ó gbé èsì PCR tó fi hàn pé ẹ kò ní kòrónà sórí rẹ̀. Ẹ ó yan láàbù kan ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń lọ, ẹ ó sì san owó àyẹ̀wò ọjọ́ keje, ìyẹn èyí tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti yara yín sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje. Bí owó bá wọlé, ìwé àṣẹ ìrìnàjò á jáde pẹ̀lú àmì QR, ìyẹn àmì onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń kà, lórí rẹ̀. Àmì yìí ni ẹ ó fi han ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó wọ ọkọ̀, òun náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní pápákọ̀ Murtala Muhammed máa yẹ̀ wò bí ẹ bá balẹ̀.

Ohun kan wà tí ó dára gan-an nínú ètò yìí, tí àwọn èèyàn kò sì yìn tó. Sísan owó ṣáájú ìrìnàjò túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó máa tò síwájú tábìlì owó láago márùn-ún ìdájí, pẹ̀lú ọmọ tó ti sùn léjìká, láti wá máa nájà iye àyẹ̀wò. Ẹ mọ láàbù yín, ẹ mọ iye tí ẹ san, ìwé ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá mọ bí pápákọ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí ọkọ̀ mẹ́ta bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á mọ̀ pé iṣẹ́ gidi nìyẹn.

Iye rẹ̀ ló wá ń dun ìdílé. Àyẹ̀wò ọjọ́ keje fún ẹnì kan lọ́dọ̀ láàbù aládàáni l'Ékòó wà láàárín nǹkan bíi ₦40,000 sí ₦50,000. Bàbá, ìyá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti ọmọ ọdún méjìlá, ìyẹn ti sún mọ́ ₦200,000 kí wọ́n tó kúrò nílé, láìtíì ka PCR tí wọ́n ti ṣe níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní ìlú ọba, àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ti NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, kì í ṣe fún ìrìnàjò, láàbù aládàáni ni kálukú ń lọ, owó orí ẹnì kan sì lè ju £100 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó ìdílé nínú gbogbo èyí. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba ti ronú kan àwọn ọlọ́mọ.

Ibi tí ìwé àṣẹ ti ń há jù ni orí owó sísan náà. Ẹ fojú inú wo báńkì kan ní òkèèrè tó rí i pé káàdì oníbàárà rẹ̀ ń sanwó náírà fún ilé iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà, lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ogún ìṣẹ́jú, iye kan náà. Bí olè ni ó ṣe máa rí lójú kọ̀ǹpútà báńkì, á sì ti káàdì náà pa. Bí ìdílé ṣe ń san án lọ́kọ̀ọ̀kan gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn kọ́kọ́ pe báńkì rẹ̀ kó sì sọ fún wọn pé òun fẹ́ sanwó mẹ́rin fún Nàìjíríà lọ́jọ́ báyìí, tàbí kí ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà nílé fi káàdì náírà bá a san án. Bí ojú òpó bá sì dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ bọ́tìnì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yẹ báńkì wò ná bóyá owó ti jáde. Owó tí èèyàn san lẹ́ẹ̀mejì kì í yára padà.

Ọjọ́ orí ni ó tún kàn, òun ló sì ń da ìdílé láàmú jù, torí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Nàìjíríà kò béèrè PCR lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, kò sì béèrè ti ọjọ́ keje. Nígbà tí ìlú ọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èsì àyẹ̀wò kí èèyàn tó wọ ọkọ̀, lóṣù Kìíní 2021, ẹni tí kò tíì pé mọ́kànlá ni wọ́n yọ̀ǹda. Nígbà tí wọ́n tún dá òfin náà padà lóṣù Kejìlá 2021, wọ́n gbé ìlà náà sí ọdún méjìlá. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dé London ńkọ́? Ọmọ ọdún márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ kejì. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún méjì sókè gbọ́dọ̀ ní èsì àyẹ̀wò kó tó wọ ọkọ̀.

Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́jọ kan, kí ẹ gbé e rìn nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bó bá ń wọ Èkó, kò ṣe nǹkan kan. Bó bá ń wọ London, kò ṣe àyẹ̀wò ṣáájú ìrìnàjò, ṣùgbọ́n ó máa ṣe é bó bá débẹ̀. Bó bá ń wọ New York, ó máa ṣe é kó tó kúrò l'Ékòó. Bí ìdílé náà bá wá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá ní London kí wọ́n tó kọjá sí Amẹ́ríkà, òfin méjì ló wà lórí ọmọ kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí wọ́n máa rìn ni kí àwọn òbí fi wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tó máa ṣọjọ́ ìbí ọdún kẹwàá láàárín ìsinmi, àlọ rẹ̀ yàtọ̀ sí àbọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wákàtí nìyí. Nígbà tí NITP bẹ̀rẹ̀, èsì PCR kò gbọdọ̀ ju wákàtí 120 lọ kí èèyàn tó gbéra. Ó di 96, ó di 72 lóṣù Karùn-ún 2021, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2021 tí ẹ̀yà kòrónà tuntun tí wọ́n ń pè ní Omicron gbòde, ó di 48. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ọkọ̀ tó ń gbéra ní London láago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Bó bá jẹ́ wákàtí 72, òwú tó wọ imú yín kò gbọdọ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ lè ṣe é láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí èsì dé ní Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tún ojú òpó ṣe. Ara dẹ̀. Bó bá jẹ́ 48, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló di ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀, èsì gbọ́dọ̀ dé kó tó di ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sì ní láti gbé e sórí NITP fún gbogbo ilé kí ẹ tó gbéra lọ sí pápákọ̀. Láàbù tó bá ṣèlérí "lọ́jọ́ kejì" láìsọ aago kò wúlò fún irú ìyẹn. Aago ni kí ẹ bi wọ́n. Kí ẹ sì fi àlàfo wákàtí mẹ́fà ó kéré tán sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó lè pẹ́ kó tó gbéra, torí wákàtí kò mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló fa ìdádúró.

Amẹ́ríkà gbọ́n jù wọ́n níbí. Nígbà tí wọ́n dín ti wọn kù sí ọjọ́ kan lóṣù Kejìlá 2021, ọjọ́ ni wọ́n kà, wọn kò ka wákàtí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra lálẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta lè ṣe àyẹ̀wò ní àárọ̀ kùtùkùtù Ọjọ́ Ẹtì, kò sì sí ẹni tó máa fi aago yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún gba àyẹ̀wò antigen tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà dúró lórí PCR. Fún ẹni tó ń kó ọmọ mẹ́ta rìn, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Ọ̀nà tí àwa Yorùbá gbà ń ka ọjọ́ náà dá kún ìṣòro nílùú ọba. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí a dúró sí wà nínú ìṣirò. Ọjà ọrọọrún tí a ná lónìí, oorun mẹ́rin la máa sùn kí a tó tún ná an, síbẹ̀ márùn-ún la pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, tí wọ́n ń béèrè àyẹ̀wò ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ kẹjọ nígbà náà, sọ pé ọjọ́ tí èèyàn balẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹni tó bá dé ní Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú ni "ọjọ́ kejì" rẹ̀, "ọjọ́ kẹjọ" rẹ̀ sì jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ti ọjọ́ kejì kò ní wàhálà púpọ̀, torí wọ́n gbà kí èèyàn ṣe é ṣáájú. Ti ọjọ́ kẹjọ ló le. Ìyá àgbà tó bá ka ọjọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà á ṣe é ní Ọjọ́ Ajé, èyí sì ti fi ọjọ́ kan yá jù. Ẹ bá wọn kọ déètì sára páálí àyẹ̀wò náà fúnra yín.

Orúkọ wá ńkọ́? Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan. Bàbá àgbà sọ tirẹ̀, ìyá àgbà sọ tirẹ̀, oríkì tún wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè é nílé sì lè má sí nínú páásípọ́ọ̀tù rárá. Bí òṣìṣẹ́ láàbù bá béèrè orúkọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, "Ṣeun" ló máa jáde lẹ́nu, nígbà tí páásípọ́ọ̀tù sọ pé OLUWASEUN. Àgbà á lóye pé ẹnì kan náà ni. Òṣìṣẹ́ kóńtà tó ń fi èsì wé páásípọ́ọ̀tù kò ní gbà, a ò sì lè dá a lẹ́bi, torí wọ́n ti kéde pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé wọ Nàìjíríà máa san ìtanràn $3,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìtanràn yẹn ló sọ kóńtà di ilé ẹjọ́. Nítorí náà, páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ nà sí láàbù, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́. Àwọn àmì wa kì í jáde nínú páásípọ́ọ̀tù, torí náà ẹ kọ orúkọ láìsí àmì ohùn àti láìsí àmì ìsàlẹ̀ gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń kún fọ́ọ̀mù. Orúkọ ìdílé ni kó ṣáájú níbi tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀. Kí ẹ ní kí láàbù tẹ nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù sára èsì, torí nọ́ńbà kì í ní orúkọ ìnagijẹ. Ọjọ́ ìbí náà nílò àyẹ̀wò: láàbù Amẹ́ríkà máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, ọmọ tí wọ́n bí ní 4 oṣù Kẹsàn-án á sì di ọmọ 9 oṣù Kẹrin lójú ẹni tó ń kà á l'Ékòó.

Àwọn ìbejì la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì kan náà, bóyá ímeèlì kan náà. Bí láàbù bá kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ nìkan, T àti K ló kù tó ya Táíwò sọ́tọ̀ kúrò lára Kẹ́hìndé. Ẹ ronú wo ìgò ṣóńṣó méjì nínú àwo kan náà, tí bébà kékeré wà lára wọn, tí nọ́ọ̀sì sì ti gba ti ogún èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ẹ tó dìde lórí àga, ẹ ka ohun tó wà lára bébà ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wé páásípọ́ọ̀tù ọmọ tó jókòó níwájú yín. Kí wọ́n gba ti ọ̀kan tán pátápátá, kí wọ́n lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ọn, kí èkejì tó jókòó. Bí èsì bá dé, ẹ yẹ méjèèjì wò bóyá kì í ṣe ìwé ẹnì kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lórí NITP náà, ẹ parí ti ọ̀kan, ẹ fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ sára fáìlì náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ti èkejì. Ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní àmì QR tirẹ̀, ojú lásán kò sì lè dá àmì QR mọ̀.

Fọ́ọ̀mù ìlú ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní Passenger Locator Form, ṣe dáadáa ju NITP lọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Òbí lè kọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún sínú fọ́ọ̀mù tirẹ̀, bí wọ́n bá jọ ń rìn, tí wọ́n sì jọ ń gbé ní àdírẹ́sì kan náà. Ọ̀fẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gbájúẹ̀ gbé ojú òpó tiwọn síta láti fi gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Láti wákàtí 48 ṣáájú kí èèyàn tó dé ni wọ́n ń gbà kó kún un. Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé fọ́ọ̀mù náà ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ àyẹ̀wò ọjọ́ kejì, ìyẹn ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti ra àyẹ̀wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún un. Ẹni tó fi fọ́ọ̀mù sí ìparí ní pápákọ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá àyẹ̀wò rà lórí fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú. Fún fọ́ọ̀mù nìkan, a fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Àmọ́ owó tí wọ́n kó mọ́ ọn kò dára. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2021, àyẹ̀wò ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹjọ jọ jẹ́ £210 fún ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n wá fi Nàìjíríà sínú àkójọ pupa, ìyẹn àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí eléwu jù, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 2021, ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ gbọ́dọ̀ wọ hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àgbà àkọ́kọ́ £2,285. Àgbà mìíràn, tàbí ọmọ tó ti pé méjìlá, £1,430. Ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kànlá £325. Òbí méjì, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá àti ọmọ ọdún méje, £5,470 nìyẹn, fún ìdílé tó kàn wá kí ìyá wọn nílé. Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ni wọ́n kéde rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 6, wọ́n sì mú Nàìjíríà kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ 15. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó bá ní ìdílé lẹ́yìn, tí irú nǹkan báyìí tún ṣẹlẹ̀, kó bi báńkì tàbí ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un bóyá ó lè sún ọjọ́ síwájú láìsan owó ńlá, kó tó fi ìbẹ̀rù sáré ra ààyè padà.

Ìwé Amẹ́ríkà ló rọrùn jù láti kún. Ìwé ẹ̀rí kan ni, tí òbí ń fọwọ́ sí fún ọmọ ọdún méjì sí mẹ́tàdínlógún. Wọ́n tún ronú kan ohun tí àwọn yòókù fojú fò: PCR lè máa sọ pé kòrónà ṣì wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, torí ó máa ń rí àfọ́kù kòkòrò tó ti kú. Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tó ṣàìsàn náà láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ mú èsì ìgbà yẹn wá pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó sọ pé ó lè rìn.

Èyí gbé wa dé ibi tó le jù fún ìdílé: kí èsì ẹnì kan ṣoṣo nínú márùn-ún sọ pé kòrónà wà lára rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò ni èsì ń dé, kò sì sí àyè láti sáré lọ ṣe ìwé ìyọ̀ǹda ìrìnàjò ọmọ ní kóòtù. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìyọ̀ǹda fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó lọ ṣe àyẹ̀wò rárá, kó sì jẹ́ méjì: ọ̀kan tí bàbá fi yọ̀ǹda kí àwọn ọmọ bá ìyá lọ, ọ̀kan tí ìyá fi yọ̀ǹda kí wọ́n bá bàbá lọ. Kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ibi tí wọ́n ń lọ àti ọjọ́ tí wọ́n máa padà wà nínú rẹ̀, kí ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù òbí tó fọwọ́ sí i wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyá bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ nínú páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ ló máa sọ̀rọ̀ fún un níwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè. Kí àwọn òbí sì ti jọ pinnu ẹni tó máa dúró bí ó bá jẹ́ ọmọ ni èsì rẹ̀ kò dára. Ìpinnu yẹn kì í bọ́ sí i láago mọ́kànlá alẹ́.

Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti dé Èkó, ohun tí NITP béèrè kò tíì tán. Láàbù tí ẹ sanwó fún ń retí yín lọ́jọ́ keje. Nígbà tó yá, òfin yí padà: ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé ń ṣe ti ọjọ́ kejì nìkan, ẹni tí kò tíì gbà á pé ń ṣe ti ọjọ́ kejì àti ti ọjọ́ keje. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó ti tán. Lóṣù Kìíní 2021, ìgbìmọ̀ ààrẹ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kòrónà, tí Boss Mustapha jẹ́ alága rẹ̀, gbé nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù ọgọ́rùn-ún arìnrìnàjò síta, pé wọn kò lè fi rìn títí di ìparí oṣù Kẹfà ọdún náà, torí wọn kò ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ keje. Ẹni tó fẹ́ gba Ìjẹ̀bú lọ ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó lọ́jọ́ kẹrin tó dé, kó yan ìpínlẹ̀ tó máa wà lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ máa balẹ̀ sí. Ẹ̀rí owó àti èsì náà, ẹ fi wọ́n pamọ́ títí ẹ ó fi padà.

Àwọn tó ń gba Istanbul kọjá tún ní tiwọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2021, Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì tó ti wà ní Brazil, India tàbí Turkey láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọmọ Nàìjíríà tó ti ibẹ̀ dé sì gbọ́dọ̀ wọ ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje. Kò kan ẹni tó kàn pààrọ̀ ọkọ̀ ní pápákọ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé tó jáde lọ ra aṣọ fún ọjọ́ méjì ti kúrò lára ẹni tó kàn ń kọjá, òǹtẹ̀ inú páásípọ́ọ̀tù á sì sọ ọ́.

Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin 2022 ni Nàìjíríà kò ti béèrè PCR mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gba àjẹsára pé. Ìlú ọba ti pa fọ́ọ̀mù tiwọn rẹ́ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún náà. Amẹ́ríkà dá àyẹ̀wò dúró ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n títí di oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ṣì ń béèrè àjẹsára lọ́wọ́ àjèjì tó ti pé ọdún méjìdínlógún. Oṣù Kejìlá 2022 ni Nàìjíríà wá ká gbogbo òfin kòrónà kúrò lórí ìrìnàjò, NITP sì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé kan ṣì wà tí kò bá kòrónà lọ, òun sì ni ìdílé máa ń gbàgbé: káàdì ibà pọ́njú, tí a mọ̀ sí yellow card. Láti oṣù Keje 2019, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un ní Nàìjíríà, ₦2,000 ni iye rẹ̀ nígbà náà, tí wọ́n ń san lórí ojú òpó ìsanwó Remita kí èèyàn tó lọ gba káàdì lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibodè. Abẹ́rẹ́ kan tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ̀rí, nítorí náà ọmọ tí ẹ fẹ́ gbé kọjá sí Kùtọ̀nú ní ìparí oṣù, ẹ jẹ́ kó gba tirẹ̀ kí oṣù tó dá sí méjì. Orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kí wọ́n kọ sí i.